Àyẹ̀wò àti àtúnṣe tí òfin mú ní dandan lórí bàálù kékeré: bí oníbàálù ṣe lè tọ́jú AD rẹ̀ láìsí àlàfo

Bàálù kékeré tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọrùn ẹni tó ni ín ni òfin gbé ìtọ́jú rẹ̀ kọ́. Abala 91.403 nínú òfin FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òfuurufú níbẹ̀, kò fi bò rárá: ẹni tó ni bàálù tàbí ẹni tó ń lò ó ló máa kọ́kọ́ dáhùn pé bàálù wà ní ipò tó yẹ fún fífò, títí kan gbogbo àyẹ̀wò àti àtúnṣe tí FAA bá pa láṣẹ. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní AD.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ti mẹkáníìkì nìyẹn, pé tí àyẹ̀wò ọdọọdún bá ti parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èrò yẹn léwu. Àṣẹ tuntun lè jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ gba bàálù yín jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Àṣẹ àtijọ́ tó ń fẹ́ àyẹ̀wò ní gbogbo wákàtí 50 lè pé nígbà tí àyẹ̀wò ọdọọdún ṣì jìnnà, kí mẹkáníìkì yín má sì mọ̀ pé ẹ ti fò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni bàálù nìkan ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo, òun ló sì yẹ kó mọ ohun tó kàn án.

Ohun tí AD jẹ́

Airworthiness Directive, tí gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ń pè ní AD, jẹ́ àṣẹ tó ní agbára òfin lábẹ́ Part 39, ìpín òfin FAA tó dá lórí AD. FAA kì í ṣàdédé gbé e jáde. Ohun méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí: àkọ́kọ́, ewu wà lára ọjà kan, yálà bàálù, ẹ́ńjìnnì, propẹ́là tàbí ohun èlò tí wọ́n dè mọ́ ọn, èkejì, ó ṣeé ṣe kí ewu náà wà tàbí kó yọjú lára àwọn yòókù tí wọ́n ṣe lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá fò láìṣe ohun tí AD wí ti rú òfin, gbogbo ìgbà tó bá sì tún gbéra, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni. Bí ẹ bá ti yí nǹkan padà lára bàálù yín, AD ṣì mú un. Tí ìyípadà yẹn kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ máa kọ̀wé sí FAA kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní AMOC.

Ẹ má da AD pọ̀ mọ́ Service Bulletin. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù ló ń kọ Service Bulletin, kódà bí wọ́n bá kọ “mandatory” gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kò di dandan fún oníbàálù aládàáni tó ń fò lábẹ́ Part 91, ìpín òfin tó wà fún fífò gbogbogbòò, àfi tí AD bá ní kí wọ́n tẹ̀ lé e. Mo ṣì máa ń gba àwọn oníbàálù níyànjú pé kí wọ́n kà á, torí ọ̀pọ̀ AD ló jẹ́ pé Service Bulletin ló ṣáájú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá tako ara wọn, ti AD ni kí ẹ ṣe.

AD kan tó yẹ kí gbogbo oníbàálù mọ ìtàn rẹ̀

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní Daytona Beach ní ìpínlẹ̀ Florida, apá òsì Piper PA-28R-201 kan já kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó sì tún gbéra. Àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ kú. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni. Àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé spar, irin gbọọrọ tó gba inú apá kọjá tó sì ń gbé ẹrù rẹ̀, ti ń sán díẹ̀díẹ̀ láti etí ihò bóòtù kan nísàlẹ̀, níbi tí apá ti so mọ́ ara bàálù. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù náà tó ń wò ó kò lè rí nǹkan kan, torí ibi tí bóòtù dì mọ́ gan-an ni sísán náà wà.

Lẹ́yìn èyí ni AD 2020-26-16 jáde lórí ọ̀pọ̀ Piper PA-28 àti PA-32. Ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ bàálù tó kàn. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ni tàbí tí wọ́n fi ń gbé èrò gba owó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò wákàtí 100, nítorí náà iye àyẹ̀wò wákàtí 100 tó wà nínú ìwé bàálù kan ń jẹ́ ká mọ bí ìyà tó ti jẹ ẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ìṣirò náà lọ báyìí: ẹ ka iye àyẹ̀wò wákàtí 100 tó ti ṣe, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ yọ èsì yẹn kúrò nínú àpapọ̀ wákàtí bàálù, kí ẹ fi 17 pín ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Tí ó bá ti tó 5,000, àyẹ̀wò spar ti kan bàálù yín.

Ẹ jẹ́ ká fi bàálù méjì wò ó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fò wákàtí 6,000. Ti àkọ́kọ́ ti ṣe àyẹ̀wò wákàtí 100 lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gọ́ta: 5,600 nìyẹn. Ó ku 400, tí a bá fi 17 pín in, ó tó 24. Àpapọ̀ jẹ́ 5,624, ó ti kàn án. Ti èkejì, tí ẹnì kan ń fi rìn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré: 1,000, ó ku 5,000, tí a bá fi 17 pín in, ó tó 294. Àpapọ̀ jẹ́ 1,294. Ọjọ́ orí kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nǹkan mìíràn wà nínú AD yẹn tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Bàálù tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bá sọnù tàbí tí kò pé wà lára àwọn tó kàn, torí kò sí ẹni tó lè ṣe ìṣirò náà fún un. Ìyẹn ni pé oníbàálù kejì yìí, tí ìṣirò rẹ̀ kò dé ìdajì, lè wá tú bóòtù apá rẹ̀ nítorí ìwé kan tí ẹni tó ni bàálù ṣáájú rẹ̀ sọ nù. Tí wọ́n bá sì ti tú u, wọ́n á ti irinṣẹ́ oníná kékeré kan bọ inú ihò bóòtù yẹn láti wá ibi tó sán, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní eddy current. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Tí wọ́n bá rí ibi tó sán, spar gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀ kí bàálù tó tún fò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ ní gan-an

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé, kí ẹ lọ sídìí bàálù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, irú rẹ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ láti orí àwo irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ẹ ṣe bákan náà fún ẹ́ńjìnnì àti propẹ́là. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn nǹkan kéékèèké: magneto tó ń pèsè iná fún ẹ́ńjìnnì, carburetor, ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ sí, bẹ́líìtì ìjókòó, ẹ̀rọ ELT tó ń fi àmì ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ lórí rédíò tí bàálù bá já, asẹ́ atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì. Àwọn wọ̀nyí ló ní AD tí èèyàn máa ń gbàgbé jù lọ, torí wọn kì í jáde tí ẹ bá fi orúkọ bàálù nìkan wá a.

Ẹ má ṣe da ohun tí ẹlòmíràn kọ kọ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìwé ọdún 1990 lè má jẹ́ èyí tó wà lára bàálù lónìí, magneto tí wọ́n pààrọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ní nọ́ńbà tó bọ́ sínú AD tí ti àtijọ́ kò bọ́ sí. Ẹ tún ka gbogbo Form 337 (ìwé àtúnṣe ńlá tàbí ìyípadà ńlá) àti STC (àṣẹ FAA fún ìyípadà lára bàálù) tó wà nínú ìwé bàálù, torí ohun tí wọ́n bá fi kún un lè ní AD tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá gbogbo AD tó lè kàn yín

Orí drs.faa.gov ni FAA kó wọn sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá a fún bàálù, ẹ wá a fún ẹ́ńjìnnì, ẹ wá a fún propẹ́là, kí ẹ sì wá a fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà AD ní ìtumọ̀: nínú 2011-10-09, ọdún ló ṣáájú, 10 jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kẹwàá nínú ọdún náà, 09 sì ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn tó jáde nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Tí ẹ bá rí R1 lẹ́yìn nọ́ńbà, wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Tí AD kan bá gba ipò òmíràn, nọ́ńbà tuntun ló máa ní, ti àtijọ́ kò sì sí mọ́. Ẹ rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí FAA máa fi AD tuntun ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì. Ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì yín lórí ìforúkọsílẹ̀ bàálù tọ̀nà, torí àdírẹ́sì yẹn ni wọ́n ń fi AD pàjáwìrì ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá kó lọ síbòmíràn ní ọjọ́ 30 láti sọ fún FAA.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka AD bí ẹni tó ń ka ìwé àdéhùn

Ibi tí wọ́n ti sọ àwọn tó kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà kan sí nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ páàtì kan pàtó, kó má kan bàálù yín rárá. Tí kò bá kàn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò kàn yín, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó máa wá yẹ ìwé yín wò lẹ́yìn ọ̀la má bàa tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò. Wákàtí tí AD máa ń sọ ni wákàtí iṣẹ́, èyí tí òfin túmọ̀ sí àsìkò tí bàálù gbéra kúrò nílẹ̀ títí tó fi tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Aago tó ń kà láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ máa ń ju ìyẹn lọ. Ẹ yan aago kan, kí ẹ máa lò ó láìyẹsẹ̀. Tí AD bá sọ pé “wákàtí 100 tàbí oṣù 12, èyí tó bá ṣáájú,” oníbàálù tí kò fi bẹ́ẹ̀ fò gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ kàlẹ́ńdà ju aago lọ.

Kókó kan wà níbí tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Òfin gbà kí bàálù fi wákàtí 10 kọjá àyẹ̀wò wákàtí 100, tó bá jẹ́ pé ó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣe àyẹ̀wò náà. Àyè yẹn kò dé ọ̀dọ̀ AD. Wákàtí tí AD bá dá, òun ni òpin, àfi tí AD náà fúnra rẹ̀ bá fún yín láyè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe àkọsílẹ̀ AD tiyín

Abala 91.417 sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: nọ́ńbà AD àti ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é, àti ìgbà tí ẹ máa tún ṣe é tó bá jẹ́ èyí tó ń padà wá. Mo máa ń fi ọjọ́ tí a ṣe é, wákàtí bàálù lọ́jọ́ náà àti ojú ìwé tí mẹkáníìkì ti fọwọ́ sí i kún un. Kọ̀ǹpútà dára fún un, ìwé lásán náà dára. Ẹ sáà kó àwọn tó ń padà wá sójú kan, kí ó jẹ́ pé wákàtí tàbí ọjọ́ tó kàn ni ojú yín máa kọ́kọ́ bà.

Inú àkọsílẹ̀ yìí náà ni kí ẹ kọ àwọn àyẹ̀wò yòókù sí: àyẹ̀wò ọdọọdún, tó máa ń tán ní ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù tó ṣe ìkejìlá lẹ́yìn oṣù tí ẹ ṣe é; ELT, ní gbogbo oṣù 12; transponder, ẹ̀rọ tó ń dá rádà lóhùn, ní gbogbo oṣù 24; altimeter, aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, àti ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, ní gbogbo oṣù 24 fún ẹni tó ń fò lábẹ́ IFR, ìyẹn òfin fífi aago inú bàálù fò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹni tó yẹ

Mẹkáníìkì A&P, ìyẹn ẹni tí FAA fún ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lórí ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì, lè ṣe AD, ó sì lè fọwọ́ sí àyẹ̀wò wákàtí 100. Àyẹ̀wò ọdọọdún ní tirẹ̀ ń fẹ́ mẹkáníìkì tó ní Inspection Authorization, àfikún àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò, tàbí ilé àtúnṣe tó ní àṣẹ fún un. Oníbàálù tó ní ìwé awakọ̀ lè pààrọ̀ ọ́ìlì, táyà, bátìrì àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n AD kò sí nínú ìyẹn, àfi tí AD bá sọ pé awakọ̀ lè ṣe é. AD 76-07-12 jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Ibi kọ́kọ́rọ́ tí Bendix ṣe ló kàn: ní gbogbo wákàtí 100, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kọjá OFF títí dé ibi tó lè yí dé. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Tí kò bá kú, magneto ṣì ní iná nínú, ẹni tó bá fọwọ́ kan propẹ́là nígbà tó rò pé wọ́n ti pa á lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ fún mẹkáníìkì ní àkọsílẹ̀ yín kí ó tó ṣí bàálù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ àwọn èyí tó máa pé láàárín ọdún náà, kí ẹ lè jùmọ̀ pinnu èyí tó yẹ kí ẹ ṣe nísinsìnyí tí ilẹ̀ inú bàálù àti ìjókòó ti wà níta.

Ẹ dúró tì í tó bá gbà bẹ́ẹ̀. AD 2011-10-09, tó kan ọ̀pọ̀ Cessna bíi 150, 172 àti 182, dára láti fi kọ́ ojú yín. Ìjókòó awakọ̀ ń yọ̀ lórí réèlì, irin kékeré kan ló ń bọ inú ihò réèlì láti dì í mú. Tí ihò bá ti gbòòrò tàbí tí irin yẹn ti jẹ, ìjókòó lè yọ̀ padà sẹ́yìn lójijì bí bàálù ṣe ń gbéra. Awakọ̀ tó bá rọ̀ mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ nígbà náà á fa imú bàálù sókè láìmọ̀, bàálù á sì pàdánù agbára tó gbé e dúró. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ìjókòó. Ihò tó dáa ṣe róbótó. Èyí tó ti jẹ gùn sí apá kan bí ẹyin, etí rẹ̀ sì ń dán. Mẹkáníìkì á fi irinṣẹ́ wọn ihò kọ̀ọ̀kan, á wo bí irin náà ṣe wọlé tó, bóyá réèlì ti sán, bóyá rólà ń yí, bóyá sípíríǹgì ṣì lágbára. Ó ń padà wá ní gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù 12, èyí tó bá ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tí wọ́n bá rí àléébù

Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí kò lè sọ pé bàálù yẹ fún fífò gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó fọwọ́ sí, tó ka àwọn àléébù náà. Ẹ gba ìwé yẹn. Mẹkáníìkì A&P mìíràn lè tún wọn ṣe kí ó sì fọwọ́ sí i, láìjẹ́ pé wọ́n tún àyẹ̀wò ọdọọdún bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé gbogbo páàtì tí wọ́n bá fi sí i. Tí àtúnṣe bá wọ inú ohun tí òfin kà sí àtúnṣe ńlá, Form 337 gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì lọ sọ́dọ̀ FAA.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka ohun tí mẹkáníìkì kọ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

“A ti ṣe gbogbo AD” kò tó. Nọ́ńbà AD gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé nínú rẹ̀ tí AD bá fúnni ní ọ̀nà ju ọ̀kan lọ, ohun tí wọ́n ṣe, ọjọ́, wákàtí bàálù, ìgbà tó máa tún pé, ìfọwọ́sí, nọ́ńbà àti irú ìwé àṣẹ mẹkáníìkì náà. Tí ọ̀kan bá kù, ẹ ní kó kọ ọ́ níbẹ̀ lójú yín. Ó rọrùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lè má sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tí kì í ṣe inú bàálù. Tí ẹ bá máa ta bàálù, òfin ní kí àkọsílẹ̀ AD bá a lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ìwé yìí ni kí ẹ kà kí owó yín tó jáde, kí ẹ ka ìwé náà ṣáájú kí ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀.

Tí AD bá ti kọjá àsìkò, tí bàálù sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má gbé e fò. Ẹ kọ́kọ́ ka AD náà, torí àwọn kan wà tó kọ̀ jálẹ̀ pé bàálù kò gbọ́dọ̀ gbéra títí tí wọ́n fi máa tún un ṣe, irú wọn ń fẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà. Tí AD kò bá kọ̀, ẹ kọ Form 8130-6 sí ọ́fíìsì FAA tó wà ládùúgbò ibi tí bàálù wà, kí ẹ fi béèrè àṣẹ fífò àrà ọ̀tọ̀. Ẹ sọ ibi tí bàálù wà, ibi tó ń lọ, ìdí tó fi ń lọ àti ohun tí kò pé lára rẹ̀. FAA lè ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrìn àjò kan ṣoṣo yẹn kò léwu, wọ́n sì sábà máa ń ní kí ó má gbé ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó tó lè fò. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bi wọ́n bóyá ìwé yín bo irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé. Àṣẹ náà, Form 8130-7, gbọ́dọ̀ wà nínú bàálù nígbà tí ẹ bá ń lọ.